Ta Ni Kò Mọ Ìtọ́jú Nǹkan?

Gbólóhùn kan wà tó ti di orin lẹ́nu àwọn olóṣèlú, àwọn olówó àti àwọn ọ̀mọ̀wé ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Bí òpópónà bá lu, bí ẹ̀rọ omi bá gbẹ, bí ìjì bá ṣí òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sì sí ẹni tó kàn án padà, wọn a mi orí, wọn a sì ní: "Ọmọ Nàìjíríà kò mọ ìtọ́jú nǹkan." Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé àìsàn àbímọ́ ni, bí ẹni pé Ẹlẹ́dàá fún gbogbo aráyé ní ọwọ́ tó ń tún nǹkan ṣe, tó wá fún ọmọ Nàìjíríà ní ọwọ́ tó ń ba nǹkan jẹ́ nìkan. Wọ́n sọ ọ́ ní ìpàdé, wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, títí tí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń bú pàápàá fi gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Kì í ṣe irọ́ lásán nìkan, irọ́ tó léwu ni, nítorí pé ó ń bo àwọn tó yẹ kí wọ́n dáhùn ìbéèrè mọ́lẹ̀, ó sì ń di ẹ̀bi ru àwọn tí kò ní agbára láti sọ ọ́ kalẹ̀.

Ilé mẹ̀kúnnù ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, ohun tó bá bàjẹ́ kì í tètè dé ààtàn. Abọ́ oníke tó bá sán, wọn a fi irin gbígbóná lu ihò sí i létí, wọn a sì fi okùn rán an. Ìkòkò tó bá jò, wọn a gbé e lọ bá àwọn tó ń lẹ ìdí ìkòkò. Bàtà tí àtẹ̀lẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣí, aránbàtà ọmọ Hausa tó ń gbé àpótí kiri àdúgbò ni yóò rán an, tí yóò sì tún kùn ún. Sítóòfù tó bá ń rú èéfín, wọn a pààrọ̀ òwú rẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé igbá tó fọ́ ló ń gba kasẹ létí. Bí kò bá jẹ́ pé àwọn baba ńlá ń lẹ igbá wọn tó fọ́, kò sí ibi tí wọn ìbá ti rí òwe náà pa.

Ọkọ̀ ni ẹ̀rí kejì. Ọkọ̀ tí ará Bẹ́ljíọ̀mù tàbí ará Jámánì ti lò títí tó fi sú u, ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá sí Kútọnu, tí wọ́n sì ń wà wọ Nàìjíríà ní tòkunbọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ti kà mọ́ òkú irin ní ìlú tó ti wá yóò tún ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, lórí ọ̀nà tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á kò jẹ́ wakọ̀ gbà láéláé. Ta ló ń mú un rìn? Mẹkáníìkì tó ń tẹ́ páálí sílẹ̀ tó ń wọ abẹ́ rẹ̀ ni, àti ríwáyà tó ń fi iná wá ibi tí wáyà ti já, àti pánẹ́lì-bítà tó ń fi òòlù na ara rẹ̀ títí yóò fi tọ́, àti fọkanáísà tó jókòó sójú oòrùn lẹ́bàá ọ̀nà. Bí àwọn wọ̀nyí bá ṣíwọ́ iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, Èkó, Kánò, Ìbàdàn àti Onitsha yóò dúró gbọn-in.

Ẹ̀rí kẹta ló yẹ kí ó ti ojú àwọn aláṣẹ jù lọ. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, bí ẹ̀rọ tiransifọ́mà bá jó, àwọn onílé àti àwọn ayálégbé ló ń dáwó jọ láti tún un ṣe tàbí láti ra òmíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ni, tí wọn yóò sì tún san owó iná tó bá gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn náà ló ń kó yanrìn àti àwókù búlọ́ọ̀kù dí kòtò ojú ọ̀nà kí òjò tó dé. Àwọn náà ló ń gbẹ́ kànga, tí wọ́n ń ra jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, tí wọ́n ń nu púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Onílé kọ̀ọ̀kan ti di ìjọba ìbílẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni tó bá wo irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lójú tó ní wọn kò mọ ìtọ́jú, òun gan-an ni kò mọ ohun tí ìtọ́jú ń jẹ́.

Kì í ṣe òní ni ìwà yìí bẹ̀rẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ọdún Bẹẹrẹ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọdún tó gbayì jù lọ. Ní àkókò náà, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin a máa gbé koríko bẹẹrẹ wá láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Ohun tó yẹ kí gbogbo ènìyàn ronú lé lórí ni pé wọ́n sọ àtúnṣe di ọdún, wọ́n sọ ọ́ di ayẹyẹ tí ọba fúnra rẹ̀ jókòó sí. Ní ìlú Djenné ní orílẹ̀-èdè Mali, bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí títí di òní. Mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú náà, tí wọ́n kọ́ ní 1907, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́. Lọ́dọọdún ni tọmọdé tàgbà ń tú jáde láti po amọ̀, tí àwọn mọlémọlé sì ń gun ara ògiri láti rẹ́ ẹ. Ilé amọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú ti lo ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà tí ilé oníkọnkéré tí ìjọba kọ́ lánàá ń ṣí lórí lónìí. Iyàtọ̀ àárín wọn kì í ṣe nínú amọ̀ tàbí sìmẹ́ńtì. Ní Djenné, gbogbo ìlú ló mọ ẹni tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀, gbogbo ìlú ló sì ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń ṣe é.

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Ẹrù tó wọ́ ni òpópónà tó bàjẹ́ àti ilé-ìwòsàn tí ẹ̀rọ rẹ̀ kú. Ìsàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ wò ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ná owó ìlú. Ohun tuntun ní èrè tí àtúnṣe kò ní. Bí wọ́n bá ṣe ọ̀nà tuntun, gómìnà yóò wá gé rìbọ́ọ̀nù, àwọn onílù yóò dé, àwọn obìnrin ọjà yóò wọ ankóò, wọn yóò sì fín orúkọ olóyè sára òkúta mábù. Bí òṣìṣẹ́ kan bá yọ ewé kúrò nínú gọ́tà ọ̀nà kan náà kí omi má baà jẹ ẹ́, kò sí onílù tí yóò dá a lọ́lá. Bákan náà, iṣẹ́ àgbàṣe tuntun ní ìdá mẹ́wàá tí agbaṣẹ́ṣe ń ká fún ẹni tó fọwọ́ sí ìwé. Agolo ọ́ìlì kan tí wọ́n fẹ́ rọ sínú ẹ̀rọ omi kò ní ìdá mẹ́wàá tó lè kọ́ ilé sí Àbújá. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà gbẹ títí yóò fi kú, kí wọ́n lè ra òmíràn. Àìmọ̀ kọ́ ló fà á. Ìmọ̀ ni, ìmọ̀ búburú tó mọ ibi tí owó wà.

Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò lóǹkà. Ní 1972 ni wọ́n kọ́ pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè tó wà ní Sùúrùlérè ní Èkó, tí wọ́n sì fi gbàlejò Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ní 1973. Dípò kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, wọ́n kọ́ òmíràn sí Àbújá, wọ́n sì fi gbàlejò ìdíje kan náà ní 2003. Ti Èkó di igbó, òòrùn àti òjò ń ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Kò sì tó ogún ọdún tí ti Àbújá náà fi dà bẹ́ẹ̀, tó fi di pé nígbà tó di 2020 ìjọba ń wá oníṣòwò ńlá tí yóò bá wọn fi owó tún pápá rẹ̀ ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fọ epo rọ̀bì kò yàtọ̀. Pọtá ní méjì, ti 1965 àti ti 1989. Warri ní ti 1978. Kàdúná ní ti 1980. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àkókò tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá a dúró láti yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, bí onímọ́tò ṣe ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ fún ìtọ́jú kí ó tó ta kú. Wọ́n fi àkókò náà falẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, títí tí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi dákẹ́. Ní oṣù kẹta 2021, ìjọba fọwọ́ sí bílíọ̀nù kan ààbọ̀ owó dọ́là fún àtúnṣe ti Pọtá nìkan. Ní oṣù kọkànlá 2024 wọ́n kéde pé èyí tó dàgbà jù nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà; nígbà tó di oṣù karùn-ún 2025, wọ́n tún ti í pa. Ṣé mẹkáníìkì abẹ́ igi ló ṣe ìyẹn? Ṣé ìyá tó ń rán abọ́ oníke ni?

Ẹni tó bá wọ sẹkitéríàtì ìjọba ní ìpínlẹ̀ èyíkéyìí yóò gbọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń kùn. Omi kò yọ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà ní àjà kẹrin kò lè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí igbó. Lífítì ti kú láti ayé gómìnà tó ré kọjá. Ẹ̀rọ tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé dúró sí igun, wọ́n fi aṣọ bò ó bí òkú, òṣìṣẹ́ sì ń fi owó ara rẹ̀ lọ ṣe ẹ̀dà ìwé ìjọba lẹ́nu géètì. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé pé kí wọ́n tún nǹkan ṣe, ìwé náà yóò lọ sí tábìlì mẹ́fà, yóò padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kò sí owó. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun yóò dé fún ọ̀gá àgbà. Àwọn tó ń gba owó oṣù tó kéré jù, tí òfin gbé ka ₦30,000 ní 2019 tó sì sọ di ₦70,000 ní 2024, ni wọ́n ń pè ní ọ̀bàyéjẹ́, nítorí pé wọ́n ń fi òkúta ti ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó fi òkúta ti ilẹ̀kùn ti ṣe ìtọ́jú tí agbára rẹ̀ ká. Ẹni tó ní agbára láti ra kọ́kọ́rọ́, tí kò sì rà á, ni kí wọ́n wá bá wí.

Ìdí kejì tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹrù náà ni ẹ̀gàn. Ní ilé àwọn ọ̀làjú, ìhàlẹ̀ ni wọ́n sọ iṣẹ́ ọwọ́ dà. Ọmọ tó bá kùnà nínú ìdánwò, bàbá rẹ̀ yóò jágbe mọ́ ọn pé òun yóò mú un lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, bí ìgbà tí wọ́n fi ọgbà ẹ̀wọ̀n dẹ́rù bà á. Bàbá kan náà ni yóò gbé ọkọ̀ tí gbogbo ẹbí rẹ̀ ń wọ̀ fún mẹkáníìkì láti tún bíréèkì rẹ̀ ṣe, tí kò sì ní rántí pé ẹ̀mí àwọn ọmọ òun ló fi lé ẹni tí òun ń gàn lọ́wọ́. Ìjọba náà kò sàn ju bàbá yìí lọ. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n ní gbogbo ọmọ yóò mọ òòlù àti ayùn bí wọ́n ṣe mọ kálámù. Wọ́n ra àwọn ẹ̀rọ láti òkè òkun pẹ̀lú owó tabua. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, kò sí iná tí yóò gbé ẹ̀rọ náà, kò sì sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò, wọ́n wá jókòó sínú àpótí tí wọ́n kó wọn dé títí tí ìpẹtà fi jẹ wọ́n. Àwọn tó sì gba ilé-ẹ̀kọ́ gíga oníṣẹ́ ọwọ́ jáde pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí HND, ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ ìjọba fi fi òdiwọ̀n sí ibi tí wọ́n lè dé, tí àwọn tó jáde ní yunifásítì sì ń kọjá lórí wọn. Ẹni tó bá gbin ẹ̀gàn sórí iṣẹ́ kan fún ogójì ọdún kò gbọdọ̀ ṣe hàà nígbà tó bá fẹ́ kórè oníṣẹ́ rere tí kò rí.

Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ṣe ń sá. Ọmọ tí ì bá lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá bíríkìlà tàbí ọ̀gá pulọ́ńbà kí ó tó ṣe fírídọ̀mù, ó rí i pé ẹni tó fi ọ̀kadà ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yóò rówó mú relé lálẹ́. Ó kó irinṣẹ́ sílẹ̀, ó gun alùpùpù. Àwọn ọ̀gá ń darúgbó, kò sí ẹni tó ń gba òòlù lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ń kọ́ ilé ńlá ní Èkó wá di ẹni tó ń wá ọmọ Tógò tàbí ọmọ Kútọnu tí yóò bá a lẹ taílì, tí yóò bá a rẹ́ ògiri. Lójú àwọn ọlọ́rọ̀ burúkú, ẹ̀rí tó dájú nìyí pé ọwọ́ ọmọ Nàìjíríà kò dára. Ṣùgbọ́n ọmọ Ègùn tó wà ní Àgbádárìgì àti èyí tó wà ní Pọ́tónóò, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ará Kétu tó bọ́ sí ìhà Fáráńsé àti ará Yewa tó bọ́ sí ìhà Gẹ̀ẹ́sì nínú àdéhùn ààlà 1889, Oòduà kan náà ló bí wọn. Ààlà kò pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀. Ohun tó pààrọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ní Bénin, láti nǹkan bí ọdún 2005, ìjọba ti gbé ètò kalẹ̀ tó pa ìsọ̀ ọ̀gá pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́, tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi ń gba ìwé-ẹ̀rí tí orílẹ̀-èdè mọ̀. Ọwọ́ tí wọ́n bá kọ́, tí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún, ni ọwọ́ tó ń dára.

Kò sí ẹni tó ní ẹni mímọ́ ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Bíríkìlà wà tó ń ta sìmẹ́ńtì ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un. Mẹkáníìkì wà tó ń yọ ojúlówó sípéépáàtì, tó ń fi ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀. Káfíńtà àti télọ̀ wà tí ọ̀la wọn kì í dé. Ìwà olè ni ìwọ̀nyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ bò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹni tó bá dúró síbẹ̀ sọ. Olówó tó gba ìwé owó iṣẹ́ lọ́wọ́ agbẹjọ́rò, tó san án láìjanpata, òun náà ló ń ná pulọ́ńbà bí ẹni tó ń ná ata lọ́jà. Yóò ná an títí iye tó kù kò fi ní tó ra páìpù tó dára, yóò sì tún jẹ ẹ́ ní ìdajì fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá ná owó iṣẹ́ títí tó fi kan egungun, egungun ni yóò rí nínú ògiri rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Owó tí kò pé àti àìsí òfin tó ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló la ògiri náà. Olè wulẹ̀ gba ibẹ̀ wọlé ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìrọ̀rùn nìkan, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fájì ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ogún ènìyàn ló kú. Gẹ́gẹ́ bí àwọn aláṣẹ fúnra wọn ṣe sọ, wọ́n ti fi àmì sára ilé náà ṣáájú pé kí wọ́n wó o. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ń kọ́ ní Ìkòyí dà wó, ó sì pa ohun tó lé ní ogójì ènìyàn, tí òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà pọ̀ nínú wọn. Gómìnà dá ọ̀gá àgbà àjọ tó yẹ kí ó máa ṣọ́ ilé kíkọ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje 2024, ilé-ẹ̀kọ́ wó lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ní ìlú Jos, méjìlélógún ló bá a lọ. Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan yóò tún sọ lórí rédíò pé ọmọ Nàìjíríà kò mọ ìtọ́jú. Kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú àmì tí wọ́n fi sára ilé tí wọn kò sì padà wá wó? Ọ̀rọ̀ náà ń pín ẹ̀bi fún ọgọ́rùn-ún mélòó mílíọ̀nù ènìyàn, kí ó má baà dúró lé ẹni márùn-ún tó fọwọ́ sí ìwé lórí. Ẹ̀bi tí gbogbo ìlú bá jẹ, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ mọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà, kò sì jìnnà. Ní Kumasi ní orílẹ̀-èdè Gánà, àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Suame Magazine, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹkáníìkì àti wẹ́dà ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Ní 1972, yunifásítì Kwame Nkrumah tó wà ní ìlú náà dá ibùdó kan sílẹ̀ láti gbé ìmọ̀ rẹ̀ jáde fún ará ìlú. Nígbà tó sì di 1980, wọ́n gbé ibi ìkọ́ṣẹ́ wọn wọ inú Suame gan-an. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò jókòó sílé kí wọ́n máa bú àwọn tí ọwọ́ wọn dọ̀tí. Wọ́n lọ bá wọn nínú ìsọ̀. Ní Nnewi, nílẹ̀ Igbo, àwọn tó ń ta sípéépáàtì kò dúró lórí títà nìkan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá burú, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà rárá.

Ohun tó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó kà lórí ìka. Àkọ́kọ́, kò yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti àpapọ̀ kọ́ ohun tuntun kan láìsọ iye tí wọn yóò máa fi tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún àti orúkọ ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bí wọn kò bá lè sọ ọ́, kí wọ́n má kọ́ ọ. Èkejì, kí wọ́n máa fi owó ìtọ́jú hàn sójú táyé, kí òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè mọ̀ bóyá ó dé tàbí kò dé. Ẹ̀kẹta, kí ìwé-ẹ̀rí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní iyì níbi iṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni, kí oníṣẹ́ tó bá gba iṣẹ́ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti lè pè é lẹ́jọ́. Ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ gbogbo onílé: kí wọ́n san owó oníṣẹ́ ní pípé, ní ọjọ́ tó parí iṣẹ́, kí wọ́n sì yé fi iṣẹ́ rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọ wọn.

Ẹni tó bá tún dìde láwùjọ tó ní ọmọ Nàìjíríà kò mọ ìtọ́jú nǹkan, ó yẹ kí àwọn tó jókòó bi í ní ìbéèrè díẹ̀. Èló ni ìtọ́jú gbà nínú ètò ìṣúná tó fọwọ́ sí? Ọ̀nà wo ni iṣẹ́ rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́ láti tọ́jú, báwo ni ọ̀nà náà sì ṣe rí lónìí? Nígbà tí mẹkáníìkì rẹ̀ parí iṣẹ́ kẹ́yìn, ṣé ó san owó rẹ̀ tán? Bí ó bá dáhùn, kí wọ́n gbọ́ ọ. Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó jókòó, kí ó jẹ́ kí àwọn tó ń dí kòtò ojú ọ̀nà ráyè ṣiṣẹ́ wọn.